Láti orí wàláà dé ojú fóònù: ìtàn ìwé wa

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Avrankou, ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, àti ní gbogbo agbègbè wa, ẹ ti jókòó ní kíláàsì lẹ́yìn iṣẹ́ oko àti lẹ́yìn ọjà. Ẹ ti mọ a, b, d. Ẹ ti mọ àmì ohùn. Ní báyìí, ẹ lè ka ìwé yìí fúnra yín. Kò di dandan mọ́ kí ọmọ ilé ìwé kan máa kà á sí yín létí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà. Lẹ́yìn ìwé yìí, kí ni ẹ ó tún kà?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ìwé tí a fi èdè Nàgó kọ kò pọ̀ lọ́jà. Ẹ wo ẹnì kan tó gba ìwé ní kíláàsì. Ó kà á tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá òmíràn, kò rí. Ó gbé ìwé náà sórí àjà. Òjò jò sí i. Ikán jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ya ojú ewé méjì, ó fi wé àkàrà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹni náà tún gbé ìwé kan, ó wò ó. Àwọn lẹ́tà kan ti di àjèjì sí i. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò bá tẹ̀ mọ́, koríko ni yóò bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kíkà rí.

Nítorí náà, a fẹ́ sọ ìtàn ìwé fún yín. Ẹ ó rí bí ìwé ṣe ń sọnù, àti bí a ṣe lè pa á mọ́. Ẹ ó tún rí ohun tí ìwé orí ẹ̀rọ lè ṣe fún wa. Ìwé orí ẹ̀rọ ni ìwé tí a ń kà lójú fóònù tàbí lójú kọ̀ǹpútà. A ó wò ó bóyá ó ṣàǹfààní fún igi, fún omi àti fún ilẹ̀ wa pẹ̀lú.

Kí bébà tó dé

Àwọn baba ńlá wa kò ní ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìmọ̀. Inú orí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tó fẹ́ di babaláwo máa ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹsẹ Ifá títí yóò fi há a sórí. Àwọn ìyá wa mọ oríkì ìdílé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí àgbà kan bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tó mọ̀ bá a wọ ilẹ̀ lọ.

Àwọn Mùsùlùmí wa ní wàláà. Wàláà ni pátákó tí ọmọ ilé kéwú ń kọ̀wé sí. Wọ́n á fi tàdáwà kọ ẹsẹ sí ojú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti há ẹsẹ náà sórí, wọ́n á fi omi fọ pátákó náà, wọ́n á sì kọ ẹsẹ mìíràn sí i. Pátákó kan ṣoṣo lè gba ẹ̀kọ́ ọdún púpọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ wàláà yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Bébà jáde ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọdún 105, ìjòyè kan ní ààfin, Cai Lun, fi bébà tí wọ́n ṣe láti ara èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n ògbólógbòó han ọba. Láti ibẹ̀ ni bébà ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ kárí ayé. Ní Yúróòpù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà kejì ní láti jókòó kọ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1455, ọkùnrin kan ní Jámánì, Johannes Gutenberg, fi lẹ́tà onírin tẹ Bíbélì. Láti ìgbà náà, ìwé di púpọ̀, owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀.

Bí èdè wa ṣe dé orí bébà

Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe ìwé ńlá nípa èdè wa? Ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí ni. Orúkọ rẹ̀ ni Àjàyí. Ọmọ Òṣogùn ni. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú wọn, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé. Wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ní ọdún 1843, ó tẹ ìwé kan jáde tó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ. Ní ọdún 1852, ó tún tẹ èyí tó pọ̀ jù ú lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan ní Abẹ́òkúta. Ìwé Ìròyìn ni wọ́n pè é, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1867, ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú àti àwọn òyìnbó. Wọ́n lé àwọn òyìnbó lọ, ìwé ìròyìn náà sì kú. Ní ọdún 1884, gbogbo Bíbélì ti di èdè Yorùbá.

Ẹ lè béèrè pé: bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí ìwé kò fi pọ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn ààlà. Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan, wọ́n fa ìlà sí àárín wa. Àwọn kan bọ́ sí apá Èkó, àwọn kan bọ́ sí apá Àjàṣẹ́. Ní apá Èkó, wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní ìwé Yorùbá nílé ìwé. Ní apá tiwa, èdè Faransé ni wọ́n gbé sí iwájú. Àwọn ará Dàhọ̀mì ń pè wá ní Nàgó. Èdè wa kò kú, nítorí a ń sọ ọ́ nílé àti lọ́jà. Ṣùgbọ́n kò rí bébà jókòó sí. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1972 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè ìlú kọ́ àgbàlagbà níwèé káàkiri. Ní ọdún 1975, ìjọba ṣe àkójọ lẹ́tà tí wọn yóò máa fi kọ èdè orílẹ̀-èdè wa.

Ìwé kan tó sọnù lẹ́ẹ̀mejì

Nísinsìnyí, a fẹ́ sọ ìtàn ìwé kan fún yín. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní ọdún 1846, wọ́n bí Samuel Johnson ní Sierra Leone. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n padà wá sílé, Samuel sì dàgbà sí Ìbàdàn. Ó di olùkọ́. Lẹ́yìn náà, ó di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní àkókò ogun Kírìjì, ó wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó ogun kan dé èkejì.

Samuel Johnson rí ohun kan tó bà á lẹ́rù. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tó lọ sí ilé ìwé mọ ìtàn ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò mọ ti ọba tiwọn. Ó wá jókòó ti àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà mìíràn. Ó gbọ́, ó sì kọ. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ọwọ́ ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1897, ó parí rẹ̀.

Ní ọdún 1899, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dúró, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Samuel ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Obadiah. Dókítà ni, Èkó ló ń gbé. Ní ọdún 1900, Obadiah dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ béèrè. Wọ́n sọ fún un pé àwọn kò mọ ibi tí ìwé náà wọlé sí. Wọ́n ní àwọn ṣe tán láti san owó. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: èló ni ẹ ó gbà fún iṣẹ́ ogún ọdún?

Ní ọdún 1901, Samuel Johnson kú. Kò tún fojú kan ìwé rẹ̀ mọ́.

Obadiah kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, àwọn èyí tó kọ́kọ́ kọ kó tó dà wọ́n kọ dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń kọ ìwé. Nígbà tó parí, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, ó sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà tún sọnù nìyẹn!

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ìwé náà jàjà dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n ogun ti mú kí bébà wọ́n. Wọ́n tún ní láti dúró. Ní ọdún 1920, Obadiah náà kú. Ní ọdún 1921, ìwé ìtàn Yorùbá náà jáde. Ẹ̀gbọ́n kò rí i, àbúrò kò rí i.

Láti ọdún 1897 títí dé ọdún 1921 jẹ́ ọdún mẹ́rìnlélógún. Kí ló fa ìdádúró yìí? Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló pé. Ibi tí ẹ̀dà náà bá lọ, ibẹ̀ ni ìwé náà lọ. Ká ní ẹ̀dà kejì wà ní Ọ̀yọ́ ni, wọn ì bá kàn fi í ránṣẹ́. Ká ní bébà kò wọ́n, Obadiah ì bá fojú rí ìwé náà.

Bí ìwé ṣe wọ inú ẹ̀rọ

Ní oṣù Keje ọdún 1971, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Michael Hart, ṣe ohun kan tó jọ eré. Ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà ńlá kan ní yunifásítì Illinois. Ó tẹ ìwé ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà sínú rẹ̀, kí àwọn ẹlòmíràn lè kà á láti inú kọ̀ǹpútà tiwọn. Bí ìwé orí ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń bá iṣẹ́ náà lọ, ó sọ ọ́ ní Project Gutenberg, ní ìrántí ọkùnrin ará Jámánì tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọdún 1995, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé fẹ́ ṣe ìpàdé ní Kútọnu, íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀ Benin. Ní ọdún 1996, àwọn kan ní Amẹ́ríkà dá Internet Archive sílẹ̀. Ibi ìkówèésí ni, ṣùgbọ́n inú íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Àwọn ènìyàn ń ya àwòrán ìwé àtijọ́ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kó wọn síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ o: ìwé tí Samuel Johnson kọ, tó sọnù lẹ́ẹ̀mejì, ó wà níbẹ̀ lónìí. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther tẹ̀ ní ọdún 1852 náà wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó ní Avrankou, tó ní fóònù tó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì, lè ṣí wọn láìsan owó ìwé. Òótọ́ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Johnson fi kọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yín tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè kà á, kó sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ìwé orí ẹ̀rọ dà bí iná fìtílà. Bí a bá fi tan fìtílà mìíràn, iná ti àkọ́kọ́ kò dín kù. Bí mo bá fún yín ní ìwé bébà tèmi, ọwọ́ mi ṣófo. Bí mo bá fi ìwé orí ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí yín, tèmi wà lọ́wọ́ mi, tiyín wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Timbuktu, ní ilẹ̀ Mali. Ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé, láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 2012, àwọn tó gbé ohun ìjà gba ìlú náà. Abdel Kader Haidara àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kó ìwé sínú àpótí onírin. Wọ́n fi mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Bamako ní kọ̀rọ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé ni wọ́n gbà là. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, kí àwọn oníjà náà tó sá lọ, wọ́n sun nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìwé tó ṣẹ́ kù nílé ìkówèésí Ahmed Baba. Èyí tí wọn kò yà ní àwòrán nínú wọn ti lọ títí láé. Láti ìgbà náà, wọ́n tẹra mọ́ yíya ìyókù ní àwòrán sínú ẹ̀rọ.

Àǹfààní rẹ̀ fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé

Èkínní, lẹ́tà rẹ̀ lè tóbi. Ojú àgbàlagbà kì í ríran dáadáa mọ́ bí ti ọmọdé. Lójú fóònù, ẹ lè sọ lẹ́tà di ńlá títí àmì orí rẹ̀ àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi hàn gbangba. Ẹ kò ní ṣi ọkọ́ pè ní ọkọ.

Èkejì, ó fúyẹ́. Igba ìwé wúwo ju àpò gàrí kan lọ. Igba ìwé nínú fóònù kò fi nǹkan kan kún ìwúwo fóònù náà. Ìyá tó ń lọ sí ọjà Ouando lè máa ka ìtàn nígbà tó bá ń dúró de oníbàárà.

Ẹ̀kẹta, ikán kò lè jẹ ẹ́, òjò kò sì lè rẹ ẹ́ bí fóònù náà bá wà níbi gbígbẹ. Bí iná mànàmáná kò bá sí, ojú fóònù ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ó lè ní ohùn. Àwọn ìwé kan wà tí ènìyàn ti kà sínú ẹ̀rọ. Ẹ ó máa gbọ́ ọ, ẹ ó sì máa fi ojú tẹ̀ lé lẹ́tà. Afọ́jú pàápàá lè gbọ́ ìwé lọ́nà yìí.

Ẹ̀karùn-ún, ó ń kọjá ààlà. Ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn lè dé ọwọ́ yín ní Avrankou láìwọ mọ́tò. Ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí i pé lẹ́tà yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ní Benin ń lo ɛ àti ɔ. Àwọn ìwé Nàìjíríà ń lo ẹ àti ọ, bí a ti ṣe nínú ìwé yìí. Ohùn kan náà ni.

Owó ńkọ́? Òótọ́ ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ owó. Ṣùgbọ́n ẹ lè gba ìwé sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ lè kà á lójoojúmọ́ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó ti ní ìwé náà lè fún ẹnìkejì láti inú fóònù sí inú fóònù.

Igi, omi àti ilẹ̀ ńkọ́?

Ara igi ni ọ̀pọ̀ bébà ti ń wá lónìí. Wọ́n á gé igi, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é pẹ̀lú omi púpọ̀ àti oògùn. Iná ńlá ni wọ́n fi ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi á gbé bébà tàbí ìwé wá sí èbúté Kútọnu, mọ́tò á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwé orí ẹ̀rọ kò béèrè pé kí a gé igi nítorí ẹ̀dà tuntun. Ẹ rántí wàláà: pátákó kan, ẹ̀kọ́ púpọ̀. Ojú fóònù ni wàláà ayé òde òní. Ìwé kan kúrò lójú rẹ̀, òmíràn dé.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ tan ara wa jẹ. Fóònù náà kì í wú jáde bí olú. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa irin àti àwọn nǹkan inú rẹ̀. Ní Congo, àwọn kan ń fi ọwọ́ wa kòtò láti rí kóbáàtì tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì. Ní ọdún 2009, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Cleantech ṣe ìṣirò. Wọ́n ní èéfín tó ń mú ayé gbóná, tó ń ti ara ẹ̀rọ ìkàwé kan jáde, tó ti ìwé bébà bíi méjìlélógún tàbí mẹ́tàlélógún. Nítorí náà, ẹni tó ra ẹ̀rọ tuntun, tó ka ìwé mẹ́ta, tó sì sọ ọ́ nù, kò ṣe ayé lóore. Ẹni tó ka ọgọ́rùn-ún ìwé lórí fóònù tó ti ní tẹ́lẹ̀, ẹni yẹn ló ṣe é lóore.

Ibo ni fóònù tó bàjẹ́ ń lọ? Ní Accra, ní ilẹ̀ Gánà, ibì kan wà tó ń jẹ́ Agbogbloshie. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀dọ́ ń sun wáyà níbẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀. Èéfín náà ba ara wọn jẹ́, ó ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Ìjọba tú ibẹ̀ ká ní ọdún 2021. Nítorí náà, ẹ má sun fóònù tàbí bátìrì. Ẹ má jù ú sínú oko tàbí sí ẹ̀bá kànga. Òjé àti májèlé mìíràn wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e fún alátùn-únṣe, kó yọ ohun tó ṣì dára nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Ẹ̀rọ ń fọ́. Ní ọdún 2010, àjọ kan tó ń jẹ́ Worldreader bẹ̀rẹ̀ sí pín ẹ̀rọ ìkàwé fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Gánà. Àwọn ọmọ rí ìwé kà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fọ́, pàápàá ojú wọn.

Ilé ìtajà ìwé orí ẹ̀rọ náà lè ti ìlẹ̀kùn. Ní Nàìjíríà, ní ọdún 2013, Okechukwu Ofili dá OkadaBooks sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń ra ìwé níbẹ̀ sínú fóònù wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n ti í pa. Ìwé tó wà ní ibì kan ṣoṣo lè sọnù, ì báà jẹ́ bébà, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn Johnson kò tí ì yí padà.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ tọ́jú ìwé bébà, ẹ tọ́jú ti orí ẹ̀rọ. Àwọn ìwé ìjọba láti ayé Faransé ṣì wà ní ilé ìpamọ́ ní Porto-Novo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1914. Bébà tí a tọ́jú dáadáa ń pẹ́. Kí àwòrán rẹ̀ tún wà níbòmíràn, ìyẹn ló dára jù.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí

Ẹ mú àpótí ìwé inú ilé yín wá. Ìwé ìbí ọmọ wà níbẹ̀. Ìwé ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ wà níbẹ̀. Bóyá ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ fi fóònù yà wọ́n ní ojúmọmọ, kí lẹ́tà hàn kedere. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọmọ kan tí ẹ fọkàn tán, tó ń gbé níbòmíràn. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé o, nítorí ọ̀ràn ilẹ̀ ni. Àwòrán kò dípò ojúlówó ìwé lójú ìjọba. Ṣùgbọ́n bí iná bá jó ilé, ẹ ó ní ohun tí ẹ lè tọ́ka sí nígbà tí ẹ bá ń wá ẹ̀dà mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ̀wé. Ìwé Nàgó kò lè pọ̀ nínú ẹ̀rọ bí kò bá sí Nàgó tó kọ ọ́. Johnson kò dúró de òyìnbó kí wọ́n wá kọ ìtàn rẹ̀. Ẹ lọ bá ìyá àgbà tó wà lágboolé yín. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe tẹ abúlé yín dó, àti oríkì ìdílé yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ẹ fún ẹni méjì. Ó ti di ìwé nìyẹn. Ó sì ti wà ní ibi mẹ́ta.

Samuel Johnson kú láìrí ìwé rẹ̀. Àwa tí a wà láàyè lónìí ń rí i ní àtẹ́lẹwọ́ wa. Ẹ má jẹ́ kí koríko bo ọ̀nà tí ẹ ti là. Ẹ máa kà, ẹ máa kọ, ẹ máa fún ẹlòmíràn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Èéṣe tí ìwé Samuel Johnson fi pẹ́ kó tó jáde?
2. Ọ̀nà wo ni ojú fóònù fi jọ wàláà?
3. Nígbà wo ni ìwé orí ẹ̀rọ ń ṣe ayé lóore? Nígbà wo ni kì í ṣe é lóore?
4. Ìwé wo ló wà nílé yín tó jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo? Kí ni ẹ ó ṣe sí i?